Ilẹ̀ Mì: Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Ìmìtìtì Ilẹ̀ Ni Tàbí Bọ́ǹbù Núkílíà

Ẹni tó bá ń gbé ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé kúárì fún un. Ọ̀sán gangan ni ilẹ̀ á dún gbì, fèrèsé á gbọ̀n, eruku á sọ, iṣẹ́ á sì máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ní òru mọ́jú ọjọ́ 11 oṣù September 2009, ní àkókò tí a kì í fọ́ òkúta, ilẹ̀ mì ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára dé orílẹ̀-èdè Benin. Ìmìtìtì ilẹ̀ àdánidá nìyẹn. Báwo la ṣe ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì nígbà tí kò sí ẹni tó fojú rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀?

Ìbéèrè yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ń bi ara wọn ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá mì nítòsí ibi tí ìjọba kan lè ti máa dán bọ́ǹbù núkílíà wò lábẹ́lẹ̀. Ọ̀ràn náà kò sì jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 13 oṣù February 1960, ilẹ̀ Faransé tú bọ́ǹbù núkílíà àkọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa. Nígbà tí wọ́n tú ẹ̀kẹta sílẹ̀ ní ìparí ọdún yẹn, ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé kúrò ní Nàìjíríà ní January 1961. Lẹ́yìn náà Faransé gbé ìdánwò rẹ̀ wọ inú àpáta ní In Ekker, ní Algeria kan náà. Bọ́ǹbù tó bá bú lójú sánmà, gbogbo ayé á rí i. Èyí tó bá bú lábẹ́ òkè, ìmìtìtì rẹ̀ ló kù tí a lè fi mú un.

Kò sí àmì kan ṣoṣo tó ń dá ẹjọ́ yìí. Ẹni tó bá gbá àmì kan mú, tó ní òun ti mọ òtítọ́, yóò ṣìnà lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyí tí mo fi to ọ̀nà náà ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, bí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ṣe ń tẹ̀ lé e.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú

Bí àpáta bá gbọ̀n níbikíbi, ìgbì oríṣi mẹ́ta ló máa ń jáde. Ìgbì P ló ń sáré jù, nínú àpáta tó wà lókè ilẹ̀ ó ń lọ tó kìlómítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ńṣe ló ń ti ilẹ̀ síwájú tó sì ń fà á sẹ́yìn ní ojú ọ̀nà tó ń gbà. Ìgbì S ló tẹ̀ lé e, bíi kìlómítà 3.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; òun ń mi ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ìgbì ojú ilẹ̀ ló ń kẹ́yìn, ó lọ́ra, mímì rẹ̀ sì gùn. Ẹ̀rọ tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ là ń pè ní sẹ̀ísímómítà.

Ìmìtìtì ilẹ̀ máa ń wáyé nígbà tí apá méjì àpáta tó ti há mọ́ra fún ọ̀pọ̀ ọdún bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan gba ìhín, tí èkejì gba ọ̀hún. Yíyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ yìí ló ń bí ìgbì S tó lágbára. Bọ́ǹbù kì í yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú bàlúù ni, ó ń ti gbogbo àyíká rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbì P ló máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ìwọ̀nba ìgbì S tí a ń rí ń wá láti inú àpáta tó ti là tẹ́lẹ̀ àti láti inú ìgbì P tó yí padà nígbà tó kan ojú ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tó kù nísàlẹ̀ yìí, inú ìyàtọ̀ yìí ló ti jáde.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ibo ni, aago mélòó sì ni?

Nítorí pé ìgbì P yára ju S lọ, àlàfo tó wà láàárín wọn máa ń fẹ̀ bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó. Ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ìgbà tí P dé àti ìgbà tí S dé, fi 8 sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tí o rí ni iye kìlómítà, kò ní jìnnà sí òótọ́ bí ibẹ̀ kò bá jìn jù. Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn, bí a bá fà á tààrà, jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 65. Bí ilẹ̀ bá mì ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ tó wà ní Abẹ́òkúta yóò rí àlàfo bíi ìṣẹ́jú àáyá 8. Ẹ̀rọ kan lè sọ bó ṣe jìnnà tó, ṣùgbọ́n ó máa ń gba mẹ́ta ó kéré tán kí a tó mọ ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ nìkan lè parí ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù August 1997, ilẹ̀ mì nítòsí Novaya Zemlya, erékùṣù tí Rọ́ṣíà ti máa ń dán bọ́ǹbù wò. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fura pé bọ́ǹbù ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún ìṣirò ṣe pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tó pọ̀ sí i, wọ́n rí i pé abẹ́ òkun Kara ló ti ṣẹlẹ̀, ó ju kìlómítà 100 lọ sí ibi ìdánwò náà. Ìfura náà fọ́.

Aago náà ń sọ̀rọ̀. Ìmìtìtì ilẹ̀ kì í wo aago, àwọn tó ń tẹ bọ́tìnnì ń wò ó. Ìdánwò mẹ́ta tí North Korea ṣe kẹ́yìn, ní January 2016, ní September 2016 àti ní September 2017, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ààbọ̀ wákàtí géérégé ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bú.

Ìgbésẹ̀ kejì: báwo ló ṣe jìn sísàlẹ̀ tó?

Ihò tó jìn jù tí ọmọ èèyàn tíì gbẹ́ rí ni ti Kola ní Rọ́ṣíà, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 12. Bọ́ǹbù tí wọ́n sì ń dán wò lábẹ́lẹ̀, kì í sábà kọjá kìlómítà kan tàbí méjì. Nítorí náà, bí ìṣirò bá fi hàn gbangba pé kìlómítà 30 sísàlẹ̀ ni ohun náà ti ṣẹlẹ̀, ẹ lè pa ìwé náà dé, ìmìtìtì ilẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ̀rọ ń gbà lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ìgbésẹ̀ yìí yọ kúrò láìlo wàhálà púpọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń mọ jíjìn rẹ̀ ni pé apá kan nínú ìgbì P máa ń gòkè lọ kan ojú ilẹ̀ kó tó yí padà sísàlẹ̀, yóò wá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ lẹ́yìn èyí tó lọ tààrà. Bí àlàfo láàárín méjèèjì bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni orísun náà ṣe jìn tó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èyí tó bá wà nítòsí ojú ilẹ̀, àlàfo rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbì méjèèjì máa ń dàpọ̀. Ìmìtìtì ilẹ̀ tí kò jìn sì wà káàkiri. Jíjìn ń dá àwọn kan láre, àmọ́ kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibo ni ilẹ̀ kọ́kọ́ lọ?

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ pátápátá tí ẹ̀rọ fà nígbà tí ìgbì P dé. Bí bọ́ǹbù bá ni, ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sókè ní gbogbo ẹ̀rọ, ìhà yòówù kí wọ́n wà. Bí ìmìtìtì ilẹ̀ bá ni, àwọn ẹ̀rọ kan á rí i kó kọ́kọ́ lọ sókè, àwọn mìíràn á rí i kó kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, ìhà mẹ́rin ni wọ́n sì máa ń pín sí lórí àwòrán. Ó dùn ún wò nígbà tí àkọsílẹ̀ bá mọ́. Bí ohun náà bá kéré, tí ariwo ilẹ̀ sì pọ̀, ìlà àkọ́kọ́ yẹn máa ń sọnù sínú ariwo, ojú àwọn amòye méjì kò sì ní ṣọ̀kan lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi P wé S

Ibi tí agbára wà gan-an nìyí fún àwọn ohun kéékèèké tí ẹ̀rọ tó wà nítòsí gbà. Ẹ wọn bí ìgbì P ṣe ga tó, ẹ wọn S, ẹ fi èkejì pín èkíní. Ẹ má ṣe wọn gbogbo ìgbì pọ̀ o: ìgbì tó ń yára gbọ̀n ni kí ẹ yọ, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ bíi ìgbà 6 sí 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti ń hàn jù. Nínú ti bọ́ǹbù, P á ga ju S lọ dáadáa. Nínú ti ìmìtìtì ilẹ̀, S ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí India dán bọ́ǹbù wò ní Pokhran ní ọjọ́ 11 oṣù May 1998, ẹ̀rọ kan ní Nilore ní Pakistan, tó ju kìlómítà 700 lọ sí ibẹ̀, gbà á sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmìtìtì ilẹ̀ kan tó ti wáyé ní agbègbè kan náà, tí ẹ̀rọ kan náà gbà. Ẹni tí kò kàwé gan-an á rí ìyàtọ̀ náà: ti bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P tó ga fíofío, S rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ kan náà àti agbègbè kan náà ni wọ́n lò. Àpáta tó wà lójú ọ̀nà lè gbé S mì tàbí kó fi kún un, nítorí náà ẹni tó bá fi bọ́ǹbù ìlú kan wé ìmìtìtì ìlú mìíràn ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwọ̀n méjì tí kò bára mu

Fún ohun ńlá tí ẹ̀rọ tó jìnnà gbà, ìwọ̀n méjì ni wọ́n ń lò. Èkíní ni mb, tí wọ́n ń wọ̀n láti ara ìgbì P tó ń gbọ̀n bíi ìgbà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì ni Ms, tí wọ́n ń wọ̀n láti ara ìgbì ojú ilẹ̀, tó ń gba bíi ìṣẹ́jú àáyá 20 kó tó lọ kó tó bọ̀. Ìmìtìtì ilẹ̀ tí mb rẹ̀ jẹ́ 5, Ms rẹ̀ kì í sábà jìnnà sí 5. Bọ́ǹbù tí mb rẹ̀ jẹ́ 5, Ms rẹ̀ máa ń fi odidi kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kéré sí i, nítorí pé ibi kékeré ló ti bú, kíá ló sì parí, kò ráyè bí ìgbì gígùn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi gbójú lé èyí ju gbogbo àmì yòókù lọ. Àfi ìgbà tí North Korea bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀ ní October 2006, tí ìwọ̀n tiwọn wá sún mọ́ ààlà tó wà láàárín bọ́ǹbù àti ìmìtìtì ilẹ̀ ju bí wọ́n ṣe retí lọ. Wọ́n ní láti tún ààlà náà fà. Ìfiwéra P àti S tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ló dúró gbọn-in ní àkókò yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ṣé kì í ṣe kúárì ni?

Èyí kàn wá gan-an ní Abẹ́òkúta, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sábẹ́ Olúmọ. Òkúta tí wọ́n fi ń kọ́lé tí wọ́n sì fi ń ṣe títì, ìbúgbàù ló ń tú u sílẹ̀, ìbúgbàù sì ń bí P tó ga, kò jìn sísàlẹ̀, ó sì ń ti ilẹ̀ síta. Gbogbo àmì tí a ti kà fún bọ́ǹbù, kúárì ní díẹ̀díẹ̀ nínú wọn. Báwo la ṣe ń yà á sọ́tọ̀?

Ẹni tó mọ iṣẹ́ kúárì mọ̀ pé wọn kì í tan gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á gbẹ́ ihò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á kó ohun abúgbàù sí i, wọ́n á sì so wọ́n mọ́ra kí ọ̀kan máa bú tẹ̀ lé èkejì, ìdá díẹ̀díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan láàárín wọn. Ìdí méjì ló fà á: òkúta á fọ́ dáadáa, ilé aládùúgbò kò sì ní mì jù. Ìtẹ̀léra yẹn ló ń tú àṣírí rẹ̀. Bí wọ́n bá tú ìgbì náà sí wẹ́wẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n wo bí ó ṣe ń yára gbọ̀n tó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlà gbọọrọ gbọọrọ tó jọra máa ń hàn nínú àwòrán ti kúárì. Bọ́ǹbù tó bú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í ní irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀n tún wà. Kilotọ́ọ̀nù kan, tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 1,000 ohun abúgbàù TNT, nínú àpáta líle, máa ń fún wa ní mb tó tó 4 tàbí kó lé díẹ̀. Ohun tí kúárì ń tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kéré sí èyí púpọ̀púpọ̀. Ojúmọmọ ni kúárì sì ń ṣiṣẹ́. Ariwo rẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ dé etí, kò dà bíi ti abẹ́lẹ̀ tó jìn.

Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kó ohun abúgbàù kẹ́míkà tó pọ̀ jọ, tó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí núkílíà. Amẹ́ríkà ti dán an wò fúnra rẹ̀: ní ọjọ́ 22 oṣù September 1993, ní Nevada, wọ́n tú ohun abúgbàù kẹ́míkà tí agbára rẹ̀ tó bíi kilotọ́ọ̀nù kan sílẹ̀ nínú ilẹ̀, ìgbì tó jáde sì jọ ti núkílíà gan-an. Dé ibí yìí, ohun tí ilẹ̀ lè sọ fún wa ni pé ìbúgbàù ni. Irú ìbúgbàù tó jẹ́, ibòmíràn la ti máa gbọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ lọ wá a nínú afẹ́fẹ́

Nígbà tí bọ́ǹbù núkílíà bá bú, ó máa ń ṣẹ̀dá afẹ́fẹ́ olóró kan tó ń jẹ́ xenon. Ìwà xenon ni pé kì í bá ohun mìíràn pọ̀, àpáta kò lè mú un dání, nítorí náà ó ń wá ojú ihò jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ dúró: ní ọjọ́ 1 oṣù May 1962, bọ́ǹbù Faransé tí wọ́n pè ní Béryl ya òkè In Ekker, èéfín olóró sì tú síta lójú àwọn tó wá wòran.

Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé lójoojúmọ́ láti wá xenon. Ẹ̀yà xenon-133 máa ń dín sí ìdajì ní bíi ọjọ́ 5, xenon-135 ní bíi wákàtí 9. Nítorí náà ẹni tó bá pẹ́ dé kò ní bá nǹkan. Àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná núkílíà àti àwọn tó ń ṣe èròjà fún ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn náà ń tú xenon jáde, èyí ló fà á tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀yà kan ṣe pọ̀ tó sí èkejì, wọn kì í kàn sọ pé xenon wà. Wọ́n á wá fi ìṣirò atẹ́gùn tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn títí wọ́n á fi mọ ibi tó ti wá.

Lẹ́yìn ìdánwò 2006, ẹ̀rọ tó wà ní Yellowknife ní Canada rí xenon tí ipasẹ̀ rẹ̀ bá North Korea mu. Ti May 2009 kò tú ohunkóhun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn ti February 2013, ọjọ́ 55 kọjá kí ẹ̀rọ Takasaki ní Japan tó rí i. Ẹ̀rí tó dájú jù lọ nìyí, òun náà ló sì ṣòroó rí jù.

Àjọ CTBTO, tó wà ní Vienna, ló ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, lábẹ́ àdéhùn tí wọ́n ṣí fún ìbuwọ́lù ní September 1996 láti fòpin sí ìdánwò núkílíà. Ibùdó 337 ni ètò wọn: 170 fún mímì ilẹ̀, 11 fún ariwo inú òkun, 60 fún ariwo afẹ́fẹ́ tí etí èèyàn kò lè gbọ́, 80 fún èròjà olóró, àti ilé àyẹ̀wò 16. Ọ̀kan nínú èyí tó sún mọ́ wa ni ti Dimbokro, ní Côte d'Ivoire.

Ẹ jẹ́ ká fi gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́: September 2017

Ní ọjọ́ 3 oṣù September 2017, aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ tiwa, ilẹ̀ mì ní Punggye-ri, ní North Korea. Ibẹ̀ ni ìdánwò márùn-ún ti wáyé ṣáájú. Kò jìn sísàlẹ̀. P ga, S kéré. Àjọ CTBTO wọ̀n ọ́n sí 6.1, USGS, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí ilẹ̀, sọ pé 6.3. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́jọ ààbọ̀, ohun kékeré mìíràn tẹ̀ lé e ní ibẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n eléyìí ń fà wọlé, kò ti ilẹ̀ síta: àpáta ló wó sínú ihò tí bọ́ǹbù gbẹ́. Àwòrán sátẹ́láìtì fi hàn pé ara òkè Mantap sún kúrò ní àyè rẹ̀ tó mítà mẹ́ta ààbọ̀ láwọn ibì kan.

Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ilẹ̀ tún mì nítòsí ibẹ̀. Àwọn aláṣẹ ilẹ̀ China tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìmìtìtì kọ́kọ́ kéde pé ó jọ ìbúgbàù. Lẹ́yìn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n yí i padà sí ìmìtìtì àdánidá. Ibì kan náà, oṣù kan náà, ìdáhùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí ó fi hàn pé bí ibì kan bá ti lókìkí búburú, ojú máa ń yára rí ohun tó ń retí.

Bí ilẹ̀ bá mì ní Abẹ́òkúta

Ẹ má gba ohùn WhatsApp gbọ́ pé bọ́ǹbù ìlú òkèèrè ló mì yín. Abẹ́òkúta sí Punggye-ri ju kìlómítà 12,000 lọ, ó sì bọ́ sí ibi tí àárín gbùngbùn ayé ti yí ìgbì P kúrò lọ́nà, kì í dé ọ̀dọ̀ wa tààrà. Kò sí ara tó lè mọ̀ ọ́n níbí.

Ẹ wo fóònù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kọ aago sílẹ̀ títí dé ìṣẹ́jú. Aago tí èèyàn fojú bù lẹ́yìn wákàtí kan kò wúlò. Ẹ kọ bóyá ariwo wá láti inú afẹ́fẹ́, àti bóyá ẹ̀ẹ̀kan ló mì tàbí ó ń bá a lọ. Bí ọ̀sán bá ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn kúárì ìtòsí bóyá wọ́n fọ́ òkúta ní aago yẹn. Ẹ wo ojú ewé USGS, wọ́n máa ń kọ irú ohun tó jẹ́ síbẹ̀, kúárì pẹ̀lú. Fọ́ọ̀mù sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lára. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kò ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ kò pọ̀ ní agbègbè wa, ohun kékeré máa ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní Nàìjíríà, ibùdó ìmọ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ tó wà ní Toro, Ìpínlẹ̀ Bauchi, àti NGSA, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí ilẹ̀ àti àpáta, ló yẹ kó gbọ́.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní FUNAAB tàbí níbikíbi: ọ̀fẹ́ ni àkọsílẹ̀ wọ̀nyí lórí ojú ewé EarthScope, àjọ tó ń kó àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ sẹ̀ísímómítà pamọ́. Ẹ gba ti ẹ̀rọ MDJ, tó wà ní Mudanjiang ní China, fún ọjọ́ 3 oṣù September 2017. Ẹ wá ìmìtìtì àdánidá kan tí ẹ̀rọ yẹn kan náà gbà láti agbègbè yẹn kan náà. Ẹ sẹ́ méjèèjì sí ìgbà 6 sí 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ wọn gíga P àti gíga S nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ pín wọn, kí ẹ sì gbé èsì méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.